Ho mi fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo nínú ẹ̀wà 48, ṣé dátà mi ti bàjẹ́ ni?

Hóró_Pupa:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn, mi ò fẹ́ gbé iṣẹ́ mi síwájú àwọn tó máa yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mò ń wo bí ẹ̀wà ṣe yàtọ̀ síra tó nínú DNA, Phaseolus vulgaris ni o, kì í ṣe cowpea, mo tètè sọ ọ́ torí mo mọ̀ pé ẹnì kan á bi mí. Irú ẹ̀wà 48 ni mo kó jọ, dúdú wà níbẹ̀, funfun wà níbẹ̀, pupa, èyí tó ní tótòtó lára, àwọn kan rí wẹ́wẹ́ àwọn kan rí gbàǹgbà. Mo gbìn wọ́n, mo já ewé wọn nígbà tó ṣì tutù, mo fi kẹ́míkà CTAB yọ DNA, mo wá lo máàkà SSR 20 (ibi nínú DNA tí lẹ́tà díẹ̀ ti ń tún ara wọn sọ) tó tàn ká orí kúrómósómù 11 tí ẹ̀wà ní.

Nígbà tí mo ṣírò ẹ̀, He (hẹ́tẹ́ró tí ìṣirò ń retí) jẹ́ 0.55, PIC (bí máàkà ṣe lè fi ìyàtọ̀ hàn tó) sún mọ́ 0.5, inú mi dùn. Àfi ìgbà tí mo wo Ho, ìyẹn hẹ́tẹ́ró tí mo rí lóòótọ́, níbi tí igi kan ti ní ẹ̀yà DNA méjì tó yàtọ̀ síra, 0.03 péré! Mo ti rò pé á sún mọ́ He torí Hardy-Weinberg ni wọ́n fi kọ́ wa látọjọ́ yìí. Ọ̀gá mi wò ó, wọ́n ní kí n lọ tún un yẹ̀ wò, wọn ò sọ ohun tí kí n yẹ̀ wò, wọ́n gbé fóònù wọn wọ́n bá tiwọn lọ.

Nǹkan míì tún wà. Igi UPGMA tí mo yà (àwòrán tó ń kó àwọn tó jọra sójú kan) pín sí ìdì ńlá méjì gedegbe, STRUCTURE, ètò kọ̀ǹpútà tó ń pín sáńpù sí ìdì, náà ní K=2, ìyẹn ìdì méjì, mo wá ń rò ó pé ṣé ìyẹn gan-an kọ́ ni àbájáde tó yẹ kí n fi ṣe orí ọ̀rọ̀. Bákan náà, nọ́ńbà 31 mi ní báńdì méjì (ìlà DNA lórí jẹ́ẹ̀lì) ní máàkà 9 nínú 20, àwọn yòókù báńdì kan kan ni wọ́n ní níbi tó pọ̀ jù. Ẹnì kan ní láàbù wa tún ń fi mí rẹ́rìn-ín pé SSR ti di ti ayé àtijọ́. Ẹ dákun, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Àǹtí Jẹ́ẹ̀lì:
Àbúrò, fọkàn balẹ̀, Ho rẹ ò ní àlébù. Ká ní o wá bá wa níbí pé Ho rẹ jẹ́ 0.5 ni, èmi ni màá kọ́kọ́ ní kó o lọ wo sáńpù rẹ dáadáa. Ẹ̀wà yìí kì í dúró de oyin kó tó so, lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó ẹ̀ ti máa ń bọ́ sórí abo inú òdòdó kan náà kí òdòdó yẹn tó là rárá, òun ni bàbá òun náà ni ìyá. Kòkòrò lè gbé ti ẹlòmíì wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àmọ́ ìwọ̀nba ni. Irúgbìn tó bá ń ṣe báyìí, hẹ́tẹ́ró inú ẹ̀ máa ń fi ìdajì dín kù ní ìran kọ̀ọ̀kan. Tó o bá gba irú méjì pọ̀, ìyẹn kó o fi lẹ́búlẹ́bú ọ̀kan sí òdòdó èkejì, F1, ìran àkọ́kọ́, á jẹ́ hẹ́tẹ́ró níbi gbogbo tí òbí méjèèjì ti yàtọ̀ síra, F2 á ku ìdajì, F3 á ku ìdá kan nínú mẹ́rin, tó bá fi máa di F6 ó ti ku nǹkan bí 3 nínú 100. Ẹ̀wà tí wọ́n ti ń gbìn bọ̀ láti ìran dé ìran wá ńkọ́, kí lo fẹ́ kó kù níbẹ̀?

Hardy-Weinberg ní kí gbogbo wọn máa gba ara wọn láìṣàṣàyàn, ẹ̀wà ò bá ẹnikẹ́ni ṣe irú àdéhùn yẹn. Nítorí náà má ka He sí iye hẹ́tẹ́ró tó yẹ kó o rí lórí jẹ́ẹ̀lì. Kà á báyìí: tí mo bá di ojú mi, mo mú ẹ̀wà méjì nínú 48 yẹn, báwo ló ṣe ṣeé ṣe tó pé allele wọn (ẹ̀yà DNA tí wọ́n ní níbẹ̀) á yàtọ̀ síra ní máàkà yìí? Ìyẹn ni He ń sọ fún ẹ, Ho ń sọ nǹkan míì nípa bí igi kọ̀ọ̀kan ṣe rí nínú ara ẹ̀, àlàfo tó wà láàárín méjèèjì ni F, kó o sì kọ F yẹn síbẹ̀ kí wọ́n lè rí i pé o mọ̀ pé ẹ̀wà ń so fúnra ẹ̀.

Nọ́ńbà 31 ló ń jẹ èmi lọ́kàn. Sọ fún mi ná, ewé igi kan ṣoṣo lo lọ̀ àbí o kó ewé igi mẹ́rin márùn-ún pa pọ̀? Àti pé irú jẹ́ẹ̀lì wo lo lò?

Hóró_Pupa:
Ẹ ṣeun gan-an mà. Ewé igi márùn-ún ni mo lọ̀ pọ̀ fún ìkọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é ní láàbù wa nìyẹn. Agarose 3% ni mo lò.

Àǹtí Jẹ́ẹ̀lì:
Ẹ̀hẹ́n. Ọ̀rọ̀ méjì ló wà níbẹ̀ nígbà náà.

Àkọ́kọ́, tó o bá lọ ewé igi márùn-ún pọ̀, báńdì méjì tó o rí kì í ṣe ẹ̀rí pé hẹ́tẹ́ró ni. Ó lè jẹ́ pé inú irúgbìn yẹn ni oríṣi méjì ti dà pọ̀ mọ́ra, ọ̀kan ní allele yìí, èkejì ní tọ̀hún, ìwọ wá lọ̀ wọ́n sínú ike kan ṣoṣo. Lọ gbin hóró bíi mẹ́wàá nínú 31 yẹn, kó o yọ DNA igi kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Tí igi kọ̀ọ̀kan bá ní báńdì kan ṣoṣo àmọ́ tí wọn ò bára mu, irúgbìn ló dà pọ̀, kò sí àjẹ́ níbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé àwọn kan ní méjì, àwọn kan ní ti òkè nìkan, àwọn kan ní ti ìsàlẹ̀ nìkan, ẹnì kan ti gbà á pọ̀ mọ́ òmíì láìpẹ́ yìí, ó ṣì ń pín ara ẹ̀ lọ́wọ́ ni. Tí gbogbo wọn bá ní méjì méjì, gba hóró lára igi kan, gbin ín, kó o wo àwọn ọmọ ẹ̀. Hẹ́tẹ́ró tòótọ́ gbọ́dọ̀ pín sí ìdá mẹ́rin, ìdá kan òkè, ìdá kan ìsàlẹ̀, ìdá méjì tó kù á ní báńdì méjèèjì. Tí kò bá pín rárá, primer yẹn (ègé DNA kúkúrú tí a fi ń mú ibi máàkà) ń mú ibi méjì nínú DNA ni. Àmọ́ èmi ò rò pé primer ló ń dà á láàmú, torí primer tó bá ń mú ibi méjì kì í yan ẹ̀wà kan ṣoṣo láàárín 48 kó máa ṣe é fún, ká má tíì sọ pé primer 9 á jọ dìtẹ̀ mọ́ ọn.

Èkejì ni agarose. SSR ẹ̀wà pọ̀ gan-an tó jẹ́ lẹ́tà méjì méjì ló ń tún ara ẹ̀ sọ, GAGAGA tàbí ATATAT, allele kan á gùn ní lẹ́tà 150 èkejì á gùn ní 152, agarose 3% ò lè yà wọ́n, ojú báńdì kan lo máa fi rí wọn. Ìyẹn ni pé ó ṣeé ṣe kí allele tó o kà kéré sí iye tó wà níbẹ̀ lóòótọ́, He àti PIC náà á kéré sí bó ṣe yẹ. Àwọn máàkà tí báńdì wọn fún pọ̀ mọ́ra yẹn, tún wọn sáré lórí jẹ́ẹ̀lì polyacrylamide 6% kó o fi silver kùn ún, tàbí kó o wá ibi tí wọ́n ti ní ẹ̀rọ capillary. Kó o sì ṣọ́ra fún òjìji o! SSR lẹ́tà méjì máa ń ní báńdì kan tí kò mọ́lẹ̀ tó, tó máa wà ní lẹ́tà méjì sísàlẹ̀ èyí tó mọ́lẹ̀ kedere, torí polymerase tó ń ṣe ẹ̀dà DNA máa ń yọ̀ tẹ̀rẹ̀ níbi àtúnsọ yẹn. Ẹni tí ojú ẹ̀ ò bá tíì mọ́ ọn á kà á sí allele kejì, Ho á wá máa gòkè lásán. Fún ìyẹn, wo gbogbo ojú jẹ́ẹ̀lì: tó bá jẹ́ pé gbogbo báńdì ló ní òjìji kan lábẹ́, àlàfo kan náà, òjìji ni.

Oníṣirò:
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Àǹtí ti sọ èyí tó jẹ́ ti láàbù, ẹ jẹ́ kí n bá àbúrò wa wo He 0.55 yẹn, torí lójú tèmi, òun ni wàhálà, kì í ṣe Ho.

Ẹ̀wà yìí, agboolé méjì ni. Ti Mesoamerica, ìyẹn Mẹ́síkò àti àwọn ilẹ̀ tó yí i ká, àti ti orí òkè Andes ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Ẹ̀wà igbó ti pín sí méjì yìí láti nǹkan tó lé ní ọdún 100,000 sẹ́yìn kí ẹnikẹ́ni tó fi ọwọ́ kàn án, lẹ́yìn náà làwọn èèyàn wá sọ ọ́ di ohun ọ̀gbìn ní ibi méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ní nǹkan bí ọdún 8,000 sẹ́yìn, àwọn ti ibí ò mọ̀ pé àwọn ti ọ̀hún ń ṣe é. Nítorí náà ìdì ńlá méjì tó o rí lórí igi ẹ, wọ́n ti mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó bí ìwọ àti èmi, láti ìgbà tí wọ́n ti ń wo phaseolin tó jẹ́ purotéènì inú hóró ẹ̀ láwọn ọdún 1980, irú S ló wọ́pọ̀ fún Mesoamerica, irú T fún Andes. Má fi ṣe orí ọ̀rọ̀ rárá.

Wá wo ohun tó ń ṣe sí nọ́ńbà. Ká sọ pé máàkà kan wà tí gbogbo ẹ̀wà Andes ní allele A níbẹ̀, gbogbo ti Mesoamerica ní B, kò sí ìyàtọ̀ kankan nínú agboolé kọ̀ọ̀kan. Tó o bá kó 20 láti ibí, 20 láti ọ̀hún, He á jẹ́ 1 yọ 0.25 yọ 0.25, ìyẹn 0.5, o máa ní ìyàtọ̀ pọ̀. Tó o bá wá kó 40 láti Andes àti 10 péré láti Mesoamerica, 1 yọ 0.64 yọ 0.04, ó di 0.32, o máa ní ìyàtọ̀ ò pọ̀ mọ́. Ẹ̀wà kan ò yí padà o! Iye tó o kó láti agboolé kọ̀ọ̀kan ló yí padà. Tó o bá sì wo inú agboolé kọ̀ọ̀kan, òdo ni He níhìn-ín, òdo ni lọ́hùn-ún. Ẹni tó ń wá ìyàtọ̀ tó máa fi gba ẹ̀wà pọ̀ láàárín àwọn hóró ńlá nìkan, 0.5 yẹn á tàn án jẹ pátápátá. Mo ti rí i tí àwọn èèyàn fi He tiwọn wé ti iṣẹ́ ẹlòmíì tí wọ́n ní tiwọn ló ga jù, tó sì jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo tó fà á ni pé tiwọn dà pọ̀ dọ́gba láti agboolé méjèèjì, tẹnì kejì jẹ́ Andes kìkì. Ó máa ń bí mi nínú.

Nítorí náà pín 48 ẹ sí agboolé, kó o ṣírò He, iye allele àti PIC fún ìkọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kó o fi ti àpapọ̀ sí ẹ̀gbẹ́, kó o wá fi FST tàbí AMOVA, ìṣirò tó ń pín ìyàtọ̀ sọ́tọ̀, sọ bí èyí tó wà láàárín agboolé méjèèjì ṣe pọ̀ tó sí èyí tó wà nínú ìkọ̀ọ̀kan. Iye allele pàápàá, ká ní agboolé kan ní ẹ̀wà 35, èkejì ní 13, má fi iye allele wọn wéra lójú lásán, ibi tí sáńpù bá ti pọ̀ ni allele á ti pọ̀, lo ìṣirò rarefaction kó o sọ iye sáńpù méjèèjì di ọgbọọgba kó o tó fi wọ́n wéra.

Ti STRUCTURE, ΔK ti Evanno, òdiwọ̀n tí wọ́n fi ń yan iye ìdì, tí wọ́n gbé jáde ní 2005 máa ń dúró síbi tí ìpín bá ti le jù, nínú ẹ̀wà ibẹ̀ sì ni 2. Kò túmọ̀ sí pé kò sí nǹkan míì lábẹ́ ẹ̀. Tún un ṣe fún agboolé kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ibẹ̀ ni àwọn ẹ̀yà kéékèèké á ti yọjú, Durango, Jalisco àti Mesoamerica lápá kan, Nueva Granada, Peru àti Chile lápá kejì, láti 1991 ni wọ́n ti sọ wọ́n lórúkọ bẹ́ẹ̀. Àti pé STRUCTURE fúnra ẹ̀ gbà pé Hardy-Weinberg wà nínú ìdì kọ̀ọ̀kan, tí Àǹtí ti ní ẹ̀wà ò bá a ṣàdéhùn, nítorí náà wò ó pẹ̀lú DAPC náà, ọ̀nà ìpín tí kò nílò Hardy-Weinberg, tàbí InStruct tí wọ́n ṣe fún ohun tó ń so fúnra ẹ̀. Tí gbogbo wọn bá ń sọ ohun kan náà, o lè sùn dáadáa.

Hóró_Pupa:
Haa! Ẹ̀gbọ́n ẹ ṣé o, mi ò tíì gbọ́ ọ báyìí rí. Ìbéèrè mi: báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ ti Andes àtèyí tó jẹ́ ti Mesoamerica? Torí àwọn ẹ̀wà mi orúkọ ni wọ́n ní, kò sí ẹni tó kọ agboolé sí wọn lára. Àti pé, ẹ má bínú, kí ni PIC ń ṣe tí He ò ṣe? Mo kàn ń kọ méjèèjì síbẹ̀ torí gbogbo èèyàn ń kọ ọ́.

Oníṣirò:
PIC kọ́kọ́, torí ó kúrú. Ká sọ pé máàkà ẹ ní allele mẹ́ta, 0.5, 0.3 àti 0.2. Fi ìkọ̀ọ̀kan lọ́po ara ẹ̀: 0.25, 0.09, 0.04, àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ 0.38, yọ ọ́ kúrò nínú 1, He jẹ́ 0.62. PIC tún máa yọ díẹ̀ sí i, o máa mú nọ́ńbà mẹ́ta yẹn ní méjì méjì, kó o fi ọ̀kan lọ́po èkejì, kó o ro wọ́n pọ̀, kó o sọ ọ́ di ìlọ́po méjì: 0.0225 àti 0.01 àti 0.0036, ó jẹ́ 0.0361, ìlọ́po méjì ẹ̀ 0.0722, PIC á di nǹkan bí 0.55. Ìdí tó fi ń yọ ọ́ ni pé inú ọ̀rọ̀ ìdílé èèyàn ni wọ́n ti gbé PIC jáde ní 1980, wọ́n ń yọ àwọn ọmọ tí èèyàn ò ní lè sọ ọ̀dọ̀ òbí tí allele wọn ti wá. Fún ìyàtọ̀ láàárín irú ẹ̀wà, He ti tó. Fi PIC sí inú tábílì máàkà, má kọ odidi ojú ìwé kan lé e lórí.

Ti agboolé, hóró máa ń sọ díẹ̀. Wọn 100 hóró lórí òṣùwọ̀n. Tí kò bá tó gíráàmù 25, kékeré ni, 25 sí 40 wà láàárín, tó bá lé ní 40, ńlá ni. Mesoamerica ló sábà máa ń jẹ́ kékeré àti ti àárín, Andes ló sábà máa ń jẹ́ ńlá. Sábà ni mo sọ o. Àwọn tó ń ṣe irú tuntun ti ń gba agboolé méjèèjì pọ̀, àti ní àwọn ilẹ̀ tí ẹ̀wà dé lẹ́yìn tó kúrò ní Amẹ́ríkà, bíi Yúróòpù, wọ́n ti dà pọ̀ mọ́ra fúnra wọn. Nítorí náà hóró gbàǹgbà kan lè gbé ègé kúrómósómù Mesoamerica pamọ́ sínú, ìyẹn ló máa ń jókòó sí àárín lórí àwòrán PCoA (tó ń fi sáńpù tó jọra sítòsí ara wọn) tí kò ní bá ẹnikẹ́ni tan. Má lé e dànù, má sì fi tipátipá tì í sí apá kan, dá a kọ lọ́tọ̀ pé àdàlù ni.

SNP_ló_kù:
Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin àgbà, àmọ́ kí lẹ̀ ń fi polyacrylamide ṣe lóde òní? Láti 2014 ni wọ́n ti gbé odidi DNA G19833 jáde, ẹ̀wà Andes nìyẹn, BAT93 ti Mesoamerica tẹ̀ lé e ní 2016. Chip BARCBean6K wà tó ní SNP (ibi tí lẹ́tà DNA kan ṣoṣo ti yàtọ̀) tó lé ní 5,000 lórí ẹ̀, GBS, ìyẹn títo apá kan DNA sáńpù fúnra ẹ̀, wà. Kí àbúrò yìí fi DNA ránṣẹ́, kó gba fáìlì, kó jókòó ti kọ̀ǹpútà ẹ̀. Máàkà 20 lórí DNA tó gùn tó nǹkan bí mílíọ̀nù lẹ́tà 587, ṣé ìyẹn náà ni wíwọ̀n? SNP ò ní òjìji, kò sí 150 abi 152, A ni abi G ni, láàbù yín àti láàbù àwọn ẹlòmíì á rí ohun kan náà. Gbìyànjú ìyẹn pẹ̀lú SSR kó o rí i, bí ẹ̀rọ bá ti yàtọ̀ 150 tiyín á di 151 tiwọn. Ẹ má tiẹ̀ jẹ́ n sọ ti RAPD, irú máàkà àtijọ́ kan, èyí tó ń yí padà tí ọwọ́ ẹni tó pò ó bá ti yí padà.

Àǹtí Jẹ́ẹ̀lì:
Ìwọ náà ti dé 😀 Ti RAPD mo gbà fún ẹ, ti láàbù sí láàbù mo gbà. Àmọ́ ó ti ní dátà SSR nílẹ̀, ìbéèrè ẹ̀ kò sì kọjá pé báwo ni 48 yìí ṣe pín, SSR tó ní allele mẹ́fà méje níbì kan ṣoṣo lágbára ju SNP kan tó ní méjì lọ. Fún agboolé méjì, 20 tó, ó tiẹ̀ ṣẹ́kù. Tó bá fẹ́ wọnú ẹ̀yà kéékèèké tàbí kó wá jíìnì tó ń fa nǹkan kan, ìgbà yẹn ni mo máa ní kó ránṣẹ́ sí ẹ. Sọ fún un náà pé chip ní ẹ̀tanú tiẹ̀ o, má fi ìyẹn pa mọ́.

SNP_ló_kù:
Ó dáa, mi ò fi pa mọ́. SNP tó wà lórí chip, àwọn tí wọ́n rí nínú ẹ̀wà díẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ tò ni, tí ẹ̀wà tìẹ bá jìnnà sí àwọn tí wọ́n tò yẹn, èyí tó jẹ́ tìẹ nìkan ò ní hàn lórí chip, ìyàtọ̀ ẹ á dà bí ẹni pé ó kéré. GBS ò fi bẹ́ẹ̀ ní ìyẹn torí inú ẹ̀wà tìẹ gan-an ló ti ń wá SNP, àmọ́ ihò inú dátà ẹ̀ máa ń pọ̀.

Àbúrò, tó o bá dé ọ̀dọ̀ SNP lọ́jọ́ kan, rántí nǹkan wọ̀nyí. He ẹ ò ní kọjá 0.5 láéláé, PIC ò ní kọjá 0.375, torí allele méjì péré ló wà, nítorí náà má fi 0.3 ti SNP wé 0.55 ti SSR kó o wá máa sunkún. SNP tó bá jẹ́ hẹ́tẹ́ró nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀wà ẹ, jù ú nù, ẹ̀wà ò ń ṣe hẹ́tẹ́ró báyẹn, ègé DNA méjì tó jọra ni kọ̀ǹpútà to gun ara wọn. Àwọn SNP tó wà nítòsí ara wọn máa ń rìn pọ̀ gan-an nínú ohun tó ń so fúnra ẹ̀, dín wọn kù kó o tó ya àwòrán PCA, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ibì kan lórí kúrómósómù kan á máa pariwo ju gbogbo ibi yòókù lọ. Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ba tiwọn jẹ́ jù ni pé wọ́n á yọ gbogbo allele tí kò tó 5 nínú 100 kúrò torí wọ́n rí i nínú iṣẹ́ GWAS (èyí tó ń wá jíìnì tó ń fa nǹkan kan), lẹ́yìn náà wọ́n á wá máa kọ̀wé pé ẹ̀wà àwọn ò ní allele tó ṣọ̀wọ́n. Ẹ̀yin lẹ jù ú nù kẹ̀!

Olùtọ́jú Irúgbìn:
Ẹ kú àárọ̀ o gbogbo yín. Ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú irúgbìn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ yín dùn mọ́ mi, ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ sí i láti ọ̀dọ̀ wa. Ṣé ẹ rí ilé irúgbìn CIAT ní Palmira ní Kòlóńbíà, Phaseolus tó wà níbẹ̀ lé ní 37,000. Níbi tí nǹkan bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ìbéèrè tí a kọ́kọ́ máa ń bi DNA ni pé ṣé méjì yìí kì í ṣe ohun kan náà tí wọ́n sọ lórúkọ méjì. Àbúrò, wo 48 rẹ dáadáa, ó ṣeé ṣe kí méjì mẹ́ta nínú wọn bára mu ní gbogbo máàkà 20. Má yára kọ pé ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n o. Máàkà 20 lè bára mu kí àwọ̀ hóró yàtọ̀, torí jíìnì tó ń darí àwọ̀, bíi P tó jẹ́ pé tí kò bá ṣiṣẹ́ hóró á funfun, kò sí nínú àwọn ibi tó o wò. Gbé hóró méjèèjì sórí tábílì, wo àwọ̀, wo ojú ẹ̀, wo bí igi ṣe ń gùn tàbí bó ṣe ń dúró wẹ́wẹ́, kó o tó sọ pé ọ̀kan ni. Tí wọ́n bá sì wá jẹ́ ọ̀kan lóòótọ́, yọ ìkan kúrò kó o tó ṣírò He, torí ẹ̀dà lè fa nọ́ńbà sísàlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ agboolé tí Oníṣirò sọ, ó kan oko tààrà. Tí wọ́n bá gba hóró kékeré Mesoamerica kan pọ̀ mọ́ hóró ńlá Andes kan, nígbà míì F1 á kúrú ràrá, gbòǹgbò ẹ̀ ò ní dàgbà dáadáa, torí jíìnì DL1 láti apá kan àti DL2 láti apá kejì kì í gbé pọ̀ ní àlàáfíà. Ẹni tó bá ti mọ agboolé òbí kó tó gbà wọ́n pọ̀ á ti mọ ibi tó yẹ kó ṣọ́ra. Bẹ́ẹ̀ sì ni àǹfààní wà nínú gbígbà wọ́n pọ̀: àrùn tó ń fi àmì onígun sórí ewé, Pseudocercospora griseola, òun náà ní ẹ̀yà Andes àti ẹ̀yà Mesoamerica, ẹ̀yà Andes sábà máa ń mú ẹ̀wà Andes, ti Mesoamerica sì máa ń mú àwọn ará ilé ẹ̀ jù bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í dá èkejì sí. Agbára tí ẹ̀wà agboolé kan fi ń gba ara ẹ̀, àwọn tó ń ṣe irú tuntun máa ń gbé e lọ sínú agboolé kejì. SSR rẹ ò ní sọ fún ọ irú èyí tó lè kojú àrùn, máàkà tí kò dúró fún iṣẹ́ kankan ni wọ́n, ó kàn máa sọ ibi tó yẹ kó o lọ wá a ni.

Hóró_Pupa:
Mo ti kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, kí Ọlọ́run bá mi san yín lóore. Bí mo ṣe fẹ́ ṣe é nìyí: mo máa gbin 31 igi kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, mo máa tún àwọn máàkà tó fún pọ̀ sáré lórí polyacrylamide, mo máa wọn hóró 100 fún gbogbo wọn, lẹ́yìn náà mo máa pín wọn sí agboolé kí n tó ṣírò nǹkan kan. Ó ku ìkan. Ṣé mo lè fi ìwọ̀n hóró nìkan àti STRUCTURE sọ pé ìdì yìí ni Andes? Torí STRUCTURE kàn ń kùn ún ní pupa àti ewéko ni, kò kọ orúkọ sí i.

Oníṣirò:
Kò tó. Wá ẹ̀wà tí gbogbo ayé ti mọ agboolé wọn, kó o fi wọ́n sáàárín tìẹ bí ẹni pé 49 àti 50 ni wọ́n. BAT93 fún Mesoamerica, Jalo EEP558 fún Andes, àwọn méjì yẹn ni òbí tí wọ́n fi ya máàpù ẹ̀wà, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀wà mọ̀ wọ́n dáadáa. Tó o bá rí G19833, fi kún un. Ìdì tí BAT93 bá bọ́ sí, Mesoamerica nìyẹn.

Àǹtí Jẹ́ẹ̀lì:
Kó o sì sáré wọn lórí gbogbo jẹ́ẹ̀lì o, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan kó o wá fi fọ́tò ẹ̀ wé èyí tó kù. BAT93 lápá òsì, Jalo lápá ọ̀tún, ladder (òṣùwọ̀n gígùn DNA) lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkọ̀ọ̀kan, tìẹ láàárín. Allele wọn méjèèjì gbọ́dọ̀ jókòó síbì kan náà lórí gbogbo jẹ́ẹ̀lì, èyí tí wọn ò bá ti jókòó dáadáa, má ka nǹkan kan lórí ẹ̀, tún un sáré. Tó o bá ti rí èsì 31 padà wá sọ fún wa, èmi ti ní irúgbìn ló dà pọ̀, Oníṣirò lè tako mi tó bá fẹ́.

Oníṣirò:
Èmi ní wọ́n gbà á pọ̀ láìpẹ́ yìí. Irúgbìn agboolé kan náà ló sábà máa ń dà pọ̀ torí wọ́n jọra lójú, àbúrò, wo báńdì 31 ní àwọn máàkà 9 yẹn, ṣé ọ̀kan bá ti ìdì kìíní mu, èkejì bá ti ìdì kejì?

Hóró_Pupa:
Ẹ dúró kí n lọ wo fọ́tò jẹ́ẹ̀lì... Ní máàkà 7 nínú 9, bẹ́ẹ̀ ni o. Báńdì òkè bá ìdì kìíní mu, ti ìsàlẹ̀ bá ìdì kejì. Àwọn 2 tó kù, allele yẹn wà nínú ìdì méjèèjì, wọn ò sọ nǹkan kan fún mi.

Àǹtí Jẹ́ẹ̀lì:
Hmm. Lọ gbìn ín.